Fọ́ọ̀mù tí ẹni tí ò ríran lè fọwọ́ ara ẹ̀ kún: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ní Word, PDF àti Google Forms

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á tẹ fọ́ọ̀mù, á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, àwọn ọ̀gá á fọwọ́ sí i, á wá fi fóònù ya á, á sọ ọ́ di PDF, á jù ú sórí WhatsApp, ó ní kí gbogbo wa kún un kó tó di Friday. Ẹni tó ríran á kún un. Ẹni tí ò ríran á ṣí i, fóònù ẹ̀ ò ní sọ nǹkan kan.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni, ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ tíṣà, tí glaucoma ti gba ojú wọn, wọ́n pè mí: "Akọ̀wé, fáìlì tó o fi ránṣẹ́ yẹn, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ o." Mo ní ó wà níbẹ̀ sà, ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mo sọ, ó sì ń dùn mí dòní. Nígbẹ̀yìn, ọmọ ará ilé wọn ló bá wọn kún un, ọmọ tí ò tíì pé ogún ọdún, ó ń ka nọ́ńbà àkáǹtì wọn sókè ní pálọ̀, ó ń ka owó oṣù wọn, iye tí wọ́n fẹ́ yá, àti orúkọ ẹni tó máa dúró fún wọn. Àgbàlagbà tó ti ń bo àṣírí ara ẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ohun kan ṣoṣo la máa fi mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ti dáa: kí ẹni tí ò ríran kà á, kó kún un, kó fi ránṣẹ́, láìsí pé ẹlòmíì gbọ́ nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Kọ̀ǹpútà Windows tó ní Word. LibreOffice náà ṣeé lò tí owó Word ò bá sí.
- NVDA. Òun ni ẹ̀rọ akàwé, ìyẹn èyí tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí ò ríran. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ wà á jáde ní nvaccess.org. JAWS náà wà, ṣùgbọ́n owó ńlá ni wọ́n ń tà á, NVDA sì tó fún àyẹ̀wò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe.
- Fóònù Android, TalkBack, ìyẹn ẹ̀rọ akàwé ti fóònù, ti máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ iPhone, VoiceOver ni tiẹ̀ ń jẹ́.
- Earpiece, àti gèlè tàbí aṣọ kan tẹ́ ẹ máa fi bo skírìnì. Mi ò ṣàwàdà nípa aṣọ yẹn, ẹ máa rí iṣẹ́ ẹ̀ níwájú.
- Fáìlì Word tí wọ́n fi tẹ fọ́ọ̀mù náà gan-an. Kì í ṣe PDF ẹ̀, kì í ṣe fọ́tò ẹ̀.

Ìkìlọ̀ o: ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa pa TalkBack kẹ́ ẹ tó tàn án. Tó bá ti tàn, ẹ ò lè fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó ṣí mọ́. Ẹ máa fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kó ka orúkọ ẹ̀, ẹ wá tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kó tó ṣí, ìka méjì lẹ sì máa fi fa ojú ìwé lọ sókè sódò. Mo ti rí ẹni tó rò pé fóònù òun ti bàjẹ́ tó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ti NVDA rọrùn: Insert pẹ̀lú Q, Enter, ó ti dákẹ́.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé ọ̀rọ̀ ló wà nínú fáìlì yín, kì í ṣe fọ́tò ọ̀rọ̀

Ìwé tí wọ́n skáànì, lójú ẹ̀rọ akàwé, kò yàtọ̀ sí fọ́tò ìyàwó àti ọkọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó mọ̀ pé àwòrán kan wà níbẹ̀, àmọ́ kò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ti ń kú.

Ẹ ṣí PDF náà, ẹ fi máòsì fa ojú ọ̀rọ̀ kan bíi pé ẹ fẹ́ kọ́pì ẹ̀. Tí kò bá mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé gbogbo ojú ìwé ló ń mú lódindi, fọ́tò ni. Ẹ tún tẹ Ctrl+F, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń fojú rí níbẹ̀. Tó bá ní òun ò rí i, ẹ̀rọ akàwé náà ò ní rí i.

Tí fáìlì Word bá ti sọnù, ẹ gbé PDF náà sórí Google Drive, kẹ́ ẹ ní kí Google Docs ṣí i, á gbìyànjú láti fa ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn náà, torí ó máa ń ṣi nọ́ńbà kà, àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má já geere rí. Tó bá jẹ́ ojú ìwé méjì péré ni, ẹ tún un tẹ̀ jàre, ó yá ju kẹ́ ẹ máa wá àṣìṣe kiri.

Tí wọ́n bá ní dandan ni kí ìbuwọ́lù ọ̀gá wà lórí ẹ̀, ẹ fi àwòrán ìbuwọ́lù nìkan sínú Word. Ẹ má torí ìbuwọ́lù kan skáànì odindi ìwé.

Ìpele 2: Ẹ fi Heading gidi ṣe àkọlé

Ẹni tó ríran á sáré wo ojú ìwé, á rí i pé apá tó kan owó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ò ríran náà ń sáré, Heading ló fi ń sáré. Á tẹ H lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ akàwé á bọ́ sórí àkọlé tó kàn, á tún tẹ̀ ẹ́, títí á fi dé ibi tó ń wá. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ ọ̀rọ̀ di bold, tẹ́ ẹ sọ ọ́ di ńlá, tẹ́ ẹ fi láìnì sábẹ́ ẹ̀, ojú nìkan ló rí i bí àkọlé. Ẹ̀rọ ò mọ̀.

Ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí àkọlé, Ctrl+Alt+1 fún orúkọ fọ́ọ̀mù, Ctrl+Alt+2 fún apá kọ̀ọ̀kan. Tí àwọ̀ tí Word fún un ò bá wù yín, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Heading 2 náà nínú Styles, ẹ mú Modify, ẹ yí i pa dà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ á yí pa dà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní View, ẹ tíìkì Navigation Pane. Gbogbo apá fọ́ọ̀mù yín gbọ́dọ̀ tò síbẹ̀. Tí ibẹ̀ bá ṣófo, bold lẹ ṣì ń ṣe.

Ìpele 3: Ẹ kó àwọn ohun ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ọ̀nà kúrò

Láìnì gígùn tá a máa ń fà fún ìdáhùn, "Orúkọ: ________________", ẹ̀rọ akàwé lè bẹ̀rẹ̀ sí í pe ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ síbẹ̀ lórúkọ, ẹni tó ń kún un á sì máa kọ̀wé sáàárín àwọn láìnì náà tí gbogbo ẹ̀ á wá fọ́n ká. Ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ ìbéèrè sórí ìlà tiẹ̀, ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo sísàlẹ̀ ẹ̀ fún ìdáhùn.

Enter mẹ́wàá láti fi lọ sójú ìwé tó kàn: Ctrl+Enter ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ "blank, blank, blank" á rò pé ìwé ti parí, á sì pa á dé síbẹ̀.

Text box, WordArt, àti lẹ́tà orí ìwé tó jẹ́ àwòrán. Ẹ̀rọ akàwé lè fo ohun tó wà nínú text box kọjá pátápátá. Ohun tó wà lókè pátápátá àti nísàlẹ̀ pátápátá ojú ìwé, ìyẹn header àti footer, kì í kà á tó bá ń ka ìwé lọ. Mo rí fọ́ọ̀mù kan tó jẹ́ pé footer ni wọ́n kọ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa parí sí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí èèyàn máa pè, gbogbo ẹni tó ń fi etí kà á ló pẹ́ dé. Ọjọ́, nọ́ńbà fóònù, iye owó fọ́ọ̀mù, inú ìwé gan-an ni kẹ́ ẹ kọ wọ́n sí, lókè, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 4: Table

Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é láìsí table, ẹ ṣe é láìsí ẹ̀. Ẹ̀rọ akàwé ń ka table láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ibi tẹ́ ẹ ti fi table to orúkọ sápá òsì tẹ́ ẹ sì to àdírẹ́sì sápá ọ̀tún kó lè bọ́ sójú ìwé kan, ìbéèrè á wọnú ìbéèrè.

Tó bá jẹ́ iye owó lóòótọ́, bíi gbèsè oṣù kọ̀ọ̀kan, table ló yẹ ẹ́. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, ẹ lọ sí Layout ti table, ẹ tẹ Repeat Header Rows, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ìlà yẹn ni orúkọ àwọn òpó. Ẹ má pa àpótí méjì pọ̀ di ọ̀kan, ẹ má sì fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, ẹ kọ "kò sí" síbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wọ àpótí àkọ́kọ́, ẹ máa tẹ Tab lọ. Bí kọ́sọ̀ ṣe ń rìn ni etí máa ṣe gbọ́ ọ. Tí ìtàn ò bá yé yín bó ṣe ń lọ yẹn, kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Ìpele 5: Àwòrán, àwọ̀, lìǹkì

Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán, View Alt Text, ẹ kọ gbólóhùn kan tàbí méjì nípa ohun tí àwòrán ń sọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán", ẹ̀rọ á ti sọ ìyẹn fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ òdòdó tẹ́ ẹ kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ tíìkì Mark as decorative. Tó bá jẹ́ QR code ló gbé ọ̀nà ìsanwó, ẹ kọ lìǹkì náà sísàlẹ̀ ẹ̀.

"Àwọn tó wà ní pupa ni dandan" ò lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ò rí pupa. Ẹ kọ "dandan" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ṣì ń ríran díẹ̀, wọ́n pọ̀ gan-an: ìlànà WCAG, tí gbogbo ayé ń lò kí abirùn lè lo ohun orí kọ̀ǹpútà, ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1. Dúdú lórí funfun kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, yẹ́lò lórí funfun àti eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí funfun ò dé ibẹ̀.

"Ẹ tẹ ibí" kì í ṣe orúkọ lìǹkì. Ẹni tí ò ríran lè pe gbogbo lìǹkì inú ìwé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá gbọ́ "ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ibí". Ẹ pè é ní "fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó", "òfin ẹgbẹ́".

Ìpele 6: Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́

Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń tẹ "e" ká tó fi láìnì sábẹ́ ẹ̀ kó lè dà bíi "ẹ". Ojú lẹ tàn jẹ yẹn. "e" náà ni ẹ̀rọ akàwé rí, wíwá ọ̀rọ̀ náà ò lè rí i, ẹ̀rọ braille, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà, náà á gbé "e" jáde. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan burú ju ìyẹn, àmì míì ni wọ́n pa mọ́ sábẹ́ ohun tẹ́ ẹ rò pé "ọ" ni. Ẹ lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá gidi, Gboard ní i lórí fóònù, Windows náà ní i lórí kọ̀ǹpútà.

Ohùn tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, ti Gẹ̀ẹ́sì ni, torí náà bó ṣe máa pe Yorùbá yín lè pa yín lẹ́rìn-ín tàbí kó bí yín nínú. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín, àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ má torí ẹ̀ yọ àmì kúrò. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láti ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí gbólóhùn kúrú.

Ìpele 7: Àwọn ìbéèrè gan-an

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fi Google Forms, ìyẹn fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Google, gba ìdáhùn, kẹ́ ẹ wá fi Word tàbí PDF ṣe ìwé àlàyé. Ó rọrùn fún ẹ̀rọ akàwé lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ò sì ní máa bá ètò Word jà.

Ohun tó ń tàn wá jẹ jù lórí fọ́ọ̀mù rèé. Ẹni tó ń kún un máa ń fi Tab fò láti àpótí kan sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ sáàárín àpótí méjì, Tab á fò ó. Ẹgbẹ́ kan kọ "ẹ má fi kọ́mà sí iye owó" sísàlẹ̀ àpótí owó, ẹni tí ò ríran kọ 250,000, fọ́ọ̀mù kọ̀ ọ́, kò sì mọ ohun tó ṣẹ̀. Nítorí náà gbogbo ìlànà, inú ìbéèrè fúnra ẹ̀ ni kó wà: "Iye tẹ́ ẹ fẹ́ yá ní náírà, nọ́ńbà nìkan láìsí kọ́mà, bíi 250000 (dandan)". Ó gùn lójú, ṣùgbọ́n etí ò ní padà wá béèrè.

Nínú Google Forms, ẹ lọ sí Response validation, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe yín fúnra yín. "Invalid" ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Nọ́ńbà àkáǹtì gbọ́dọ̀ pé 10" ló máa ràn án.

Ẹ yẹra fún ìbéèrè oní-grid, èyí tó dà bíi table, ẹ pín in sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Fún ọjọ́ ìbí, Short answer tó ní àpẹẹrẹ nínú ìbéèrè ti tó: ọjọ́, oṣù, ọdún, bíi 05/03/1971. Ibi tẹ́ ẹ ti ní kí wọ́n gbé passport wọlé, ẹ mọ̀ pé Google máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google wọn, ẹ sọ ọ́ lókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gba passport lọ́nà míì. Fún ìbuwọ́lù, ẹ gbà kí wọ́n tẹ orúkọ wọn.

Tí ọ̀gá yín bá fi dandan lé Word, ẹ lọ sí Developer, ẹ fi Plain Text Content Control síbi ìdáhùn, ẹ ṣí Properties, ẹ kọ orúkọ ìbéèrè sí Title. Ẹ má fi Restrict Editing tì í pé kíkún nìkan ni kó gbà, ó lè jẹ́ kó ṣòro fún ẹ̀rọ akàwé láti ka gbogbo àlàyé tó wà níta àpótí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ju máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tab, Shift+Tab, spacebar àti àwọn bọ́tìnì olọ́fà nìkan ni kẹ́ ẹ fi kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé Submit. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń na ọwọ́ sí máòsì, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́.

Ìpele 8: Sísọ ọ́ di PDF

Ẹ ṣí Review, Check Accessibility, ẹ tún ohun tó bá sọ ṣe. Kò lè mọ̀ bóyá àlàyé àwòrán yín nítumọ̀ o, ó kàn mọ̀ bóyá ó wà.

Lẹ́yìn náà, File, Save As, PDF, Options, ẹ tíìkì "Document structure tags for accessibility". Ẹ má gba ọ̀nà Print lọ sí Microsoft Print to PDF láéláé: gbogbo Heading, alt text àti ètò table tẹ́ ẹ ti ṣe látàárọ̀ á dànù síbẹ̀, PDF á sì rí bákan náà lójú, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn fura. Àpótí kíkún tẹ́ ẹ ṣe ní Word ò ní di àpótí kíkún nínú PDF náà, LibreOffice ló ń ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá ń gbé PDF jáde.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí i nínú Acrobat Reader, Ctrl+D. Nísàlẹ̀, "Tagged PDF" gbọ́dọ̀ jẹ́ Yes.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e sórí WhatsApp, ẹ tẹ ohun tó ṣe pàtàkì sísàlẹ̀ ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán: kí ni fọ́ọ̀mù náà wà fún, ọjọ́ wo ló ń parí, lìǹkì ẹ̀ dà.

Ìpele 9: Ẹ bo skírìnì

Ẹ tan NVDA, Ctrl+Alt+N. Ẹ ki earpiece bọ etí, ẹ ju aṣọ sórí skírìnì. Nínú Word, Insert pẹ̀lú spacebar á jẹ́ kẹ́ ẹ lè fi H fò láti àkọlé dé àkọlé. Insert pẹ̀lú bọ́tìnì olọ́fà tó kọjú sísàlẹ̀, á máa kà á lọ láìdúró. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ara yín: kí ni wọ́n ń gbà, ìgbà wo ló ń parí, èló ni? Tẹ́ ẹ bá ní láti ṣí aṣọ wò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa tún ṣe.

Ẹ ṣe é lórí fóònù náà, torí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe gbogbo nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún ẹni tí ò ríran kó yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní January 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn fún àwọn tó ni ilé tí ará ìlú ń wọ̀ àti ọkọ̀ èrò lọ́dún 5 láti tún wọn ṣe kí abirùn lè lò wọ́n. Fọ́ọ̀mù tèmi, ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló gbà.

Èmi fún ẹ̀gbọ́n wa tíṣà ní fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ibì kan ṣoṣo ló ṣì ń dà wọ́n láàmú: mo kọ "Guarantor 1" sórí ìbéèrè méjì. Mo tún un ṣe ká tó gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìdáhùn láàárọ̀, tiwọn ló wà lókè, aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 40 lálẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì ní gbogbo ará ilé ti sùn nígbà yẹn.